Ìwé wo làwọn ọmọ yín ń kà parí láìjẹ́ pé ẹ dúró tì wọ́n?

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà àwọn ọmọ ló gbé mi wá. Ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún 13, Táíwò ni ọkùnrin, Kẹ́hìndé ni obìnrin. Àbúrò wọn ò ju ọdún 9 lọ. Ọlidé gígùn ti dé, ilé kéwú nìkan ló kù tí wọ́n ń lọ, mi ò sì fẹ́ kí fóònù gba gbogbo àkókò tó ṣẹ́ kù.

Mo ra Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún wọn torí pé ìwé tí èmi fẹ́ràn jù nìyẹn nígbà tí mo wà níléèwé. Kẹ́hìndé ka ojú ewé díẹ̀, ó ní gbólóhùn kan gùn débi pé kóun tó dé ìparí rẹ̀, òun ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Táíwò ò tiẹ̀ ṣí i wò, bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni Kẹ́hìndé ń kà lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú wọn. Ìyá ọkọ mi wá rí Ògbójú Ọdẹ lórí tábìlì, wọ́n ní ìwé iwin àti òrìṣà ò yẹ kó wà nílé Mùsùlùmí. Bàbá wọn ní ìwé iléèwé ti tó, kí n má náwó sórí ìtàn.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwé tó dára lójú àgbà ni mò ń bèèrè. Ìwé tí ọmọ yín kà tán, tó sì ní kẹ́ ẹ ra òmíràn fún òun, ni mò ń wá. Yorùbá ni mo fẹ́ jù, ṣùgbọ́n mi ò kọ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí.

Tíṣà Yorùbá, Ọ̀fà

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn.

Fágúnwà tó kọ ìwé yẹn ò ní àbùkù, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọmọ ìsinsìnyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á, etí wọn ti mọ àlọ́, ó ti mọ ìwàásù, ẹnìkan ló sì sábà máa ń kà á sókè tí àwọn yòókù á máa gbọ́. Tí ohùn ènìyàn bá ń gbé gbólóhùn gígùn yẹn lọ, ó máa ń dùn ni. Ọmọ tó dá jókòó tó ń fi ojú lásán tọ̀ ọ́, yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹ tún wo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá rí «aiye», «enia», «nwọn» nínú rẹ̀, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, èyí tó wà kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ohun tí wọ́n ń kọ́ Kẹ́hìndé ní kíláàsì yàtọ̀ síyẹn, ó sì máa ń dí wọn lọ́wọ́ ju bí àgbàlagbà ṣe rò lọ.

Ẹ fi ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé kọ irú rẹ̀ mélòó kan: Owó Ẹ̀jẹ̀, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Gbólóhùn rẹ̀ ò gùn, ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ níbẹ̀, ọmọ á sì fẹ́ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Àjà Ló Lẹrù (1969) ni mo fi ń mú àwọn ọkùnrin tó kórìíra ìwé. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, àti Tafá Ìgírípá ló ń lé ọ̀daràn káàkiri nínú rẹ̀. Yorùbá inú ìwé yẹn, Yorùbá gárèjì, Yorùbá ọjà, Yorùbá àgbà tó ń fi òwe halẹ̀ mọ́ni, gbogbo ẹ̀ ló pé síbẹ̀. Mo máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè ní kíláàsì, mo máa ń pa ìwé dé níbi tí ọ̀rọ̀ ti le, n ò sì ní sọ nǹkan kan. Kí wọ́n tó lu aago ìsinmi tán, àwọn tí mo rò pé wọ́n ń sùn ló máa ń sáré wá yá a. Tí wọ́n bá kà á tán, Lápàdé tún wà nínú Àgbàlagbà Akàn (1971).

Fún ọmọ ọdún 9, ẹ wá àkójọpọ̀ àlọ́ ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe. Orin àlọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbè é. Ẹ má kà á bíi pé ìwé ìròyìn lẹ̀ ń kà.

Ọ̀dọ́ Màlété

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì Màlété, kò tíì pẹ́ tí mo kúrò lọ́jọ́ orí àwọn ìbejì yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dá sí i.

Ẹ má bínú, Tíṣà, iléèwé gan-an ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa sá fún ìwé. Bí a bá ti ka orí kan tán, ìbéèrè ló kàn: dárúkọ ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin, kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ìtàn yìí kọ́ wa. Ìtàn tó ń dùn bọ̀ á wá di iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn ìwé tí mo ṣì rántí dòní ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun tí mo rí kọ́ nínú wọn. Nítorí náà, Mọ́mì, tí Kẹ́hìndé bá ka ìwé kan tán, ẹ má dán an wò. Ẹ kàn ní kó sọ ibi tó dùn mọ́ ọn jù fún yín.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá Children of Blood and Bone fún un. Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Ọdún 2018 ló jáde. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zélie ló ni ìtàn náà, ọba ti pa ìyá rẹ̀ torí pé ó ní agbára idán. Ọfọ̀ tí wọ́n ń pè nínú ìwé náà, Yorùbá ni, tàmì-tàmì. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ gbọ́ èyí: Ìlọrin ni Zélie ń gbé! Ṣùgbọ́n Ìlọrin inú ìwé náà, abúlé apẹja ni, orí omi òkun ló léfòó sí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo dìde dúró. Mi ò rí orúkọ ìlú mi rí nínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà.

Ó nípọn o, ó lé ní ojú ewé 500. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín.

Bàbá Àgbà, Òmù-Àrán

Ìlọrin lórí òkun kẹ̀! Odò Àsà ni mo mọ̀ ní Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ fojú kan òkun, ó di Èkó. Ọmọ tí kò tíì mọ ilẹ̀ Kwara dáadáa lẹ fẹ́ gbé irú ìyẹn lé lọ́wọ́? Ẹnìkan jókòó sí ìlú òyìnbó, ó kó orúkọ ìlú wa, ó kó orúkọ òrìṣà àwọn baba wa, ó pò wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú, àwa wá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Àdetà tàbí Òkè-Òde, tí wọ́n mọ ilẹ̀ yìí bí ẹní mowó, tí wọ́n sì lè kọ̀wé, ta ló ń bá wọn tẹ ìwé wọn?

Ẹ fún wọn ní ìwé J. F. Ọdúnjọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka Kúyẹ̀, tó jáde ní 1964. Ọmọ tí kì í gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ni Kúyẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí màbo lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tó sunkún lórí ìwé náà. Láti ọjọ́ náà, kò fi odi àdúgbò wa ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ó tún ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé tó bá lè ṣe irú ìyẹn ni kẹ́ ẹ náwó lé.

Ọ̀dọ́ Màlété

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Òkè Lángbòdó inú Ògbójú Ọdẹ, tí Àkàrà-Oògùn àtàwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn lọ náà ò sí lórí máàpù Nàìjíríà kankan, kò sì dí ẹ̀yin lọ́wọ́ láti gbádùn rẹ̀. Ìtàn ló mú Ìlọrin lọ sórí òkun. Ọmọ ọdún 13 mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ nípa àwọn òǹkọ̀wé tó wà nílé níbí, òdodo ọ̀rọ̀ ni, ó sì ń dun èmi náà.

Ìyàwó Àáfáà, Pàkátà

Àsàlámù àlékúmù. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ni mo fẹ́ fèsì sí, Ìyá Ìbejì, torí pé irú ẹ̀ ti wáyé nílé tiwa náà.

Ẹ má bá Ìyá jiyàn. Orúkọ ìwé náà nìkan ti tó láti já àgbà láyà. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n jókòó, kí ẹ ka ibì kan fún wọn. Tíṣà ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ iwin inú ìwé rẹ̀, àwọn tí ọdẹ ń bá jà ni, kò sẹ́ni tó ń sìn wọ́n níbẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, tí nǹkan kan bá wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí Mùsùlùmí bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìwàásù onígbàgbọ́ tó kún inú rẹ̀ ni, kì í ṣe iwin. Tí mo bá dé irú ibẹ̀, mo máa ń dúró, mo máa ń sọ pé ẹ̀sìn ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ, ohun tí àwa gbà gbọ́ nìyí, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti pàdé nìyí. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ń bi mí níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń bi mí lórí ìwé iléèwé lọ. Bàbá wọn tó kọ́kọ́ lọ́ra, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ máa ń jókòó sí, ó ti di ẹni tó ń bèèrè pé níbo la bá a dé lánàá.

Lẹ́yìn Ìṣáì la máa ń kà á. Mi ò kì í kà ju ìrìn àjò kan lọ lálẹ́ kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn orúkọ àwọn ọdẹ náà, Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀. Wọ́n ti pín orúkọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹnìkan sọ fún mi rí pé àmì ohùn ló ń lé ọmọ sá fún ìwé Yorùbá. Ọmọ ilé kéwú kọ́ ló yẹ kéèyàn sọ ìyẹn fún. Láti kékeré ló ti ń rí àmì lókè lẹ́tà, àmì nísàlẹ̀ lẹ́tà, ó sì mọ̀ pé tí òun bá ṣi àmì kan kà, Àáfáà á dá òun padà. Ẹ sọ fún un pé bí Yorùbá náà ṣe rí nìyẹn. Kíá ni wọ́n ń gbà á. Ṣé àwọn àáfáà àtijọ́ ní Ìlọrin níbí kọ́ ló ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sílẹ̀? Ìwé kíkọ àti Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ara wọn nílùú yìí.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Táńkẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo rí i pé gbogbo yín ti gbàgbé Táíwò. Èmi náà ní irú rẹ̀ nílé.

Àkọ́kọ́ ná, Tíṣà, mi ò gbà pé Àjà Ló Lẹrù yẹ fún ọmọ ọdún 13. Ìjà àti ìpànìyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó di ọdún 15, 16 kí n tó gbé e lé ọmọ tèmi lọ́wọ́.

Ọmọ tí kò fẹ́ ìwé rárá, ẹ má gbé ìwé fún un. Ẹ fún un ní nǹkan tí wọ́n kọ nípa ohun tó fẹ́ràn. Tí mo bá ra ìwé ìròyìn Aláròyé lọ́sẹ̀, mi ò kì í dá ọmọ mi dúró pé kó kà á. Mo kàn máa ń fi í sílẹ̀ lórí àga, mo máa ń ka àkọlé kan sókè, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà á wá mú un kó lè bá wa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ. Chike and the River ti Chinua Achebe ló kọ́kọ́ kà parí. Ìwé kékeré ni, 1966 ló jáde. Ọmọ abúlé tó lọ gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Onitsha, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá Odò Ọya lọ sí Asaba, tí kò ní ṣílè kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà. Ọmọkùnrin tó ti wá owó tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù rí mọ ìyà yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ka The Passport of Mallam Ilia ti Cyprian Ekwensi. Ìtàn ẹ̀san ni, ilẹ̀ Àríwá ló dá lé, ẹṣin àti idà ń bẹ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé kò yẹ kí Ilia máa lé ẹni náà títí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé!

Ẹ gbà á láyè kó pa ìwé tì láàárín méjì. Fífi ipá mú ọmọ parí ìwé tí kò dùn mọ́ ọn, bíi kéèyàn máa ki àmàlà bọ ẹni tó ti yó, tí ebi ò sì pa, lẹ́nu ni. Á bì í ni.

Tíṣà Yorùbá, Ọ̀fà

Àwọn ọmọ SS ni mò ń kọ́, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti tó Àjà Ló Lẹrù kà. Fún Táíwò, Akínlàdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, bí mo ṣe kọ ọ́ lókè. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pípa ìwé tì. Ọmọ tí ẹ bá gbà láyè kó máa pa ìwé tì lójú ewé kẹwàá, kò ní dé ibi tí ìwé kankan ti ń dùn láyé. Ẹ ní kó rìn dé ìdá kan nínú mẹ́rin ìwé náà kó tó sọ pé òun ò ṣe mọ́.

Ọmọ Èsìẹ́, Òró

Gbogbo ìwé tí ẹ ń dárúkọ, mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ ohun kan ń dùn mí. Ọmọ mi lè ka Akínlàdé, ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá sọ Ìgbómìnà sí i, ó máa ń wo ojú mi kí n túmọ̀ fún òun. Mi ò rí ìwé ìtàn ọmọdé kankan tí wọ́n fi ẹ̀ka èdè wa kọ lórí igbá ìwé kankan ní ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wa.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Tí a bá lọ kí Ìyá Àgbà, a máa ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pàlọ́. Tí a bá délé, àwọn ọmọ á máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa kọ ọ́ bí Ìyá ṣe pè é gẹ́lẹ́. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe sí Yorùbá ìwé. Bébà A4 la máa ń ká sí méjì, a máa ń kó wọn sínú ara wọn, a ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán an láàárín, a ó gé páálí mílíìkì fi ṣe èèpo. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń ya àwòrán. Ojú ewé òsì fún àwòrán, ọ̀tún fún ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà a mú wọn lọ wo ère òkúta nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀. Mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yan ère kan, kó wo irun orí rẹ̀, bó ṣe jókòó, ohun tó dì mú, kó sì yà á. Àwọn àgbà wa ń sọ pé àlejò ni àwọn ère náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí ère tiwọn ń ṣe ní ọjọ́ tí ó di òkúta. Ẹni ọdún 11 kọ ojú ewé mẹ́jọ nípa obìnrin tó ń dúró de ẹni tó máa bá a parí irun. Ìwé yìí ni gbogbo ọmọ tó bá wá sílé wa máa ń kọ́kọ́ mú.

Fún ẹni ọdún 9, ẹ lọ sórí ìkànnì ayélujára African Storybook àti StoryWeaver. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ìtàn Yorùbá wà níbẹ̀, wọ́n pín in sí ìpele, láti èyí tí gbólóhùn kan wà lójú ewé kan títí dé èyí tó gùn. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì.

Àǹtí Ìkàwé, Ṣáárẹ́

Ẹ ṣé, Ọmọ Èsìẹ́, tọkàntọkàn ni mo fi kà á. Àfikún kan: ẹ ka àwọn ìtàn orí ayélujára náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ló túmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òmíràn ò ní àmì ohùn rárá, òmíràn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wọ aṣọ Yorùbá fún. Èyí tó bá dára, ó dára gan-an. Mo máa ń fi bíírò tún àmì ṣe lórí bébà kó tó dọ́wọ́ ọmọ.

Mo ń bójú tó igun ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìwé Yorùbá tí èèpo rẹ̀ ti gbó jù níbẹ̀ ni Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Kò sí ìjà ńlá nínú rẹ̀, kò sí iwin. Ìgbà ọmọdé ní abúlé oko kòkó ni: eré, ìjẹkújẹ, ìyà lọ́wọ́ àgbà, ọgbọ́n tí ọmọdé ń dá. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ìsinsìnyí á ní kò kan òun. Àwọn gan-an ni kò fẹ́ dá a padà, torí pé wọ́n rí ìgbésí ayé bàbá wọn níbẹ̀, bàbá tó máa ń bá wọn wí bíi pé òun ò ṣe ọmọdé rí.

Kẹ́hìndé lè ka Sweet Sixteen. Ọmọ Kwara wa níbí ló kọ ọ́, Bọ́lájí Abdullahi, akọ̀ròyìn tó tún ṣe mínísítà. Bàbá kan ló kọ lẹ́tà gígùn sí Aliya ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọjọ́ tó pé ọdún 16. Ó bá a sọ ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá nílẹ̀ wa kì í bá ọmọbìnrin sọ. JAMB ti fi ṣe ìwé kíkà fún ìdánwò rí, ìyẹn ló sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn ọmọ. Ẹ má sọ fún un pé ìwé ìdánwò ni. Àwọn ọmọbìnrin kan ní ìmọ̀ràn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn kan sì lọ ka apá ibì kan nínú rẹ̀ fún bàbá wọn. Mo rí méjèèjì. Bàbá Àgbà, ẹ bèèrè àwọn ọmọ ilé tó ń kọ̀wé. Ọ̀kan nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbà mí lórí nǹkan kan: ìwé kan tí mo rà nínú ọjà lọ́dún tó kọjá, ó ti ojú ewé 48 fò lọ sí 65. Kí ni mo lè ṣe tí irú rẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

Òǹtàwé, Ìlọrin

Ó jọ pé ìwé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, Ìyá Ìbejì. Ojú ewé 16 ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé máa ń tẹ̀ sórí bébà ńlá kan kí wọ́n tó ká a. Ẹ ṣírò ohun tó sọnù nínú tiyín, 16 géérégé ni, láti 49 dé 64. Bébà kan látòkèdélẹ̀ ni ò wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ayédèrú ń kánjú, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣí ìwé kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi àtàǹpàkò sáré wo nọ́ńbà ojú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo yíǹkì: tó bá dúdú lójú ewé kan, tó ṣá lójú ewé kejì, ẹ dá a padà. Ìwé Yorùbá ló tún rọrùn jù láti dá mọ̀. Ayédèrú máa ń jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ láti ara ẹ̀dà míì, nítorí náà àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ máa ń parẹ́, ẹ ó rí «o» níbi tí «ọ» yẹ kó wà, àmì òkè á sì dàpọ̀ mọ́ ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ọmọ tó bá ń ka irú ìyẹn ò lè gbádùn Yorùbá láéláé, ẹ ó wá rò pé ọmọ ló yọ̀lẹ. Ẹ fa ìwé náà díẹ̀ láàárín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń ṣí.

Tí owó ò bá sí, ẹ wá ojúlówó ìwé àlòkù. Ìwé àlòkù tó pé sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Àwọn ìwé Òkédìjí àti Ìṣọ̀lá tó jẹ́ àlòkù máa ń jáde nígbà tí àwọn ọmọ SS3 bá parí ìdánwò, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Bàbá Àgbà, Òmù-Àrán

Òǹtàwé, ọ̀rọ̀ rẹ yè kooro. Mo ní kí àwọn ọmọ-ọmọ mi ka ìwé tó ní Ìlọrin orí òkun yẹn fún mi nígbà tí wọ́n bá wá sílé. Mi ò tíì yí ọkàn padà. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni.

Ọ̀dọ́ Màlété

Inú mi dùn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọfọ̀ inú rẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ bá wa yẹ ohùn rẹ̀ wò.

Mọ́mì, lórí ohun tí Dádì sọ nípa owó: ẹ wá ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Gáà-Akanbí, kí ilé kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí inú èèpo. Àwọn ọmọ á máa bára wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí ẹni tó kù lẹ́yìn sáré kà á.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Ìyá méjì ti gbà. Owó Ẹ̀jẹ̀ ni mo máa rà fún Táíwò, Ogún Ọmọdé fún Kẹ́hìndé, àlọ́ ìjàpá fún àbúrò wọn. Ìyá kan máa ra Kúyẹ̀, èkejì máa ra Chike and the River. Ògbójú Ọdẹ wà nílé. Èmi ló máa kà á, lẹ́yìn Ìṣáì, mo sì ti bẹ Ìyá pé kí wọ́n wá jókòó tì wá. Òǹtàwé, ṣé Kúyẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Òǹtàwé, Ìlọrin

Ẹ̀dà kan ló kù, àlòkù ni, mo ti ka ojú ewé rẹ̀, ó pé. Mo ti yọ ọ́ sílẹ̀ dè yín. Àlọ́ ìjàpá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.